Ọjọ́ Mẹ́rin Lójú Ọ̀nà Selma, Èmi àti Màmá

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀. Atlanta

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, Màmá sì ti múra tán. Ìró àti bùbá àdìrẹ, gèlè tó dúró ṣánṣán, bàtà kánfáàsì funfun tí mo rà fún wọn ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ní, "Màmá, ọ̀nà jíjìn là ń lọ o, kì í ṣe òde ìgbéyàwó." Wọ́n ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Àdùkẹ́. Ibi tí èèyàn kú sí là ń lọ, èèyàn kì í wọ yẹpẹrẹ lọ síbẹ̀."

Oṣù méjì ni wọ́n ti lò lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó sọ pé ilé ìtajà ti sú àwọn. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n n'Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọjọ́ lọ lásán. "Gbé mi lọ síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀." Èmi tí mo ti ń gbé Atlanta láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò yà ní Alabama rí, àfi tí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Texas. Mo gba ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́. Àwọn ibi ìtàn ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni mo tò sójú ọ̀nà, pàápàá èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú, torí pé òṣìṣẹ́ kan tó dé fìlà gbàràmù máa ń dúró níbẹ̀ sọ ìtàn fún ẹni tó bá yà, láìgba kọ́bọ̀. Rénjà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Auburn Avenue la ti bẹ̀rẹ̀. Ojúlé 501 ni wọ́n bí Martin Luther King, aṣáájú ìjà ẹ̀tọ́ náà, sí ní January 15, 1929. Àtúnṣe ń lọ nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó lè wọlé, nítorí náà abẹ́ igi ni rénjà ti bá wa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa, àmọ́ ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ ni. Ìgbà tí a wọ ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń gbé ohùn King fúnra rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ fún àwọn tó jókòó, ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ sọ fún wa pé inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Alberta King, ìyá Martin, lọ́jọ́ Ìsinmi, June 30, 1974. Ó ń tẹ dùùrù lọ́wọ́ ni. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Memphis.

"Ìyá rẹ̀ náà?" Màmá béèrè. "Nídìí dùùrù?"

Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé inú mọ́tò.

Bí a ṣe wọ Alabama ni aago fóònù mi padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo ṣàlàyé. Màmá ní irú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa ṣe ní Ìwó Road tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti gba tọwọ́ èèyàn.

Ọjọ́ kejì, Ẹtì. Birmingham

Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti sanwó fún kò rí orúkọ mi lálẹ́ àná. Ẹni tó wà nídìí tábìlì kọ ọ́ bó ṣe wù ú, mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tún kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Aago mọ́kànlá ti kọjá ká tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Mo ń bínú, Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Ọgbà Kelly Ingram kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì 16th Street Baptist. Ọ̀nà kan wà nínú ọgbà náà tí wọ́n mọ ère ajá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹnu yíyà, eyín síta, àárín wọn ni ẹni tó ń lọ máa gbà. Màmá wò wọ́n, wọ́n yà bàrá, wọ́n gba orí koríko.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló bá àwa bí ogún sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbéhùn sókè rárá, ńṣe ni gbogbo wa ń nà síwájú ká lè gbọ́ ọ. Ó ní ní May 2, 1963, àwọn ọmọ ilé ìwé tú jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, orin lẹ́nu wọn, wọ́n dorí kọ àárín ìlú. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọdé? Àgbà tó bá jáde, ọ̀la ni ọ̀gá rẹ̀ máa ní kó má wá síṣẹ́ mọ́, onílé á sì lé e jáde. Ọmọdé ò níṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni wọ́n fi kó wọn lọ sẹ́wọ̀n nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá ò tó mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni Bull Connor, tí ọlọ́pàá àti panápaná ìlú wà lábẹ́ rẹ̀, ní kí wọ́n kó ajá jáde, kí wọ́n sì ṣí omi panápaná lé wọn. Omi tó lè bó èèpo lára igi ni wọ́n yìn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá.

Ó wá sọ pé ọ̀gá ilé ìwé Parker ti géètì mọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má lè jáde, àmọ́ wọ́n fo ọgbà. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Màmá ò rín in.

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, láìsí ẹni tó béèrè, wọ́n ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ló wà níkàáwọ́ ọkùnrin yẹn. Kí ló fẹ́ sọ fún òbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n tún ní, "Èmi náà ì bá ti géètì." Wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Bíi pé ẹnì kan ń bá wọn jiyàn ni, bẹ́ẹ̀ èmi kò la ẹnu.

Ti September 15 ọdún kan náà kò gùn lẹ́nu obìnrin náà, ẹ má sì jẹ́ kó gùn lẹ́nu tèmi. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún, ọjọ́ Ìsinmi tó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ti ri bọ́ǹbù mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sì pa ọmọbìnrin mẹ́rin. Addie Mae Collins, Carole Robertson àti Cynthia Wesley, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n. Denise McNair, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n dá ẹni àkọ́kọ́ lẹ́bi ní 1977, èkejì ní 2001, ẹ̀kẹta ní 2002. Ẹ̀kẹrin kú láìfojú ba kóòtù. Màmá fi ìka ṣírò rẹ̀ sórí itan: 1963 sí 2002, ọdún mọ́kàndínlógójì.

Fèrèsé aláwọ̀ kan wà lókè, ẹ̀bùn àwọn ará Wales tí wọ́n dá owó jọ lẹ́yìn bọ́ǹbù náà. Jésù aláwọ̀ dúdú ló wà lára rẹ̀, ó na apá méjèèjì. Màmá tẹ́ ọrùn wò ó pẹ́. Wọ́n ní nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ti jọ́sìn n'Ìbàdàn, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, pé ti tiwa ṣì ní irun góòlù.

Ọjọ́ kẹta, Sátidé. Selma

Nǹkan bí àádọ́rùn-ún máìlì ni láti Birmingham. Ìlú tó dákẹ́ ni Selma. Ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ, ìjì líle ti January 2023 sì ṣì hàn lára òrùlé ibì kọ̀ọ̀kan. Mo ti rò pé ìlú tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ á máa rí jẹ nídìí orúkọ náà.

Ẹsẹ̀ afárá ni rénjà ti pàdé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kò bẹ̀rẹ̀ lórí afárá. Ó ní ká fojú inú wò ó pé a fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní káńtì Dallas yìí ní 1964 (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni káńtì). Ọ́fíìsì náà kì í ṣí ju ọjọ́ méjì lọ lóṣù. O máa tò sórí ìlà níta kóòtù, ọ̀gá rẹ sì lè kọjá kó rí ọ. Tó o bá wọlé, wà á kọ fọ́ọ̀mù gígùn, wà á túmọ̀ òfin orílẹ̀-èdè, wà á sì mú ẹni tó ti ní orúkọ nínú ìwé wá láti jẹ́rìí sí ọ. Akọ̀wé tó jókòó síwájú rẹ nìkan ló mọ̀ bóyá o yege. Nǹkan bí ìdajì àwọn ará káńtì náà ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó tó dìbò, bíi méjì péré ló wà nínú ìwé.

Màmá fi Yorùbá sọ sí mi létí: "Ìdánwò tí tíṣà ti gbé máàkì kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó."

Ó wá bọ́ sórí 1965. Ní February, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìnbọn lu Jimmie Lee Jackson, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní Marion nítòsí ibẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ikú rẹ̀ ló bí ìrìn láti Selma lọ sí Montgomery, láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní March 7, nǹkan bí ẹgbẹ̀ta èèyàn gun afárá yìí, Hosea Williams àti John Lewis, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ló ṣíwájú. Àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ àtàwọn tó gun ẹṣin dúró dè wọ́n lódìkejì pẹ̀lú kóńdó àti tajútajú. Wọ́n fọ́ agbárí Lewis. Wọ́n lu Amelia Boynton títí ó fi dákú sójú títì, fọ́tò rẹ̀ sì káríayé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan dá fíìmù dúró kí wọ́n lè fi àwòrán rẹ̀ hàn. Ìdájọ́ àwọn Násì ni fíìmù náà dá lé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju kóńdó lọ. Àwọn èèyàn jókòó sílé, wọ́n ń wo ìwà ìkà orílẹ̀-èdè míì.

A gun afárá. Ohun tí fọ́tò kì í fi hàn ni pé ó yọ gégé láàárín. Tó o bá wà nísàlẹ̀, o ò ní rí òdìkejì àfi tó o bá dé òkè. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn yẹn ti gun ìdajì ọ̀nà tán kí wọ́n tó rí ohun tó ń dúró dè wọ́n. Orúkọ Edmund Pettus ṣì wà lókè irin gàgàrà gàgàrà. Ọ̀gágun tó jà kí ẹrú má bàa bọ́ ni Pettus, ó di sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn náà. Màmá gbé gèlè sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ka orúkọ náà, wọ́n pòṣé.

Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, a dúró lókè níbi tí odò Alabama ti ń ṣàn nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí fún mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ní October 1965, nígbà tí wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹ́mọ̀ sì kéde pé òun ló wọlé. Wọ́n rí ilé tí wọ́n da pẹtiróòlù sí ládùúgbò wọn. Wẹ́tìẹ̀. Bàbá àgbà kó wọn sá lọ sí oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Àwa ní káàdì, wọ́n jí ìbò gbé. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ rí káàdì. Ọdún kan náà."

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ fún wa rí. Wọ́n ní, "Ta ló béèrè?"

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, rénjà ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó béèrè. Ọkùnrin kan béèrè ibi tó lè gbé mọ́tò sí. Màmá nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ní obìnrin tó wá sí kóòtù Selma yìí ní 1931 ńkọ́, èyí tó wá béèrè owó gbà-má-bínú oko ẹrú? Àwọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tó sọ.

Èmi ni mo fi í hàn wọ́n, nígbà kòrónà ní 2020, nígbà tí olùwádìí kan ní yunifásítì Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde. Mo ti gbàgbé. Wọn ò gbàgbé. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó àádọ́fà èèyàn láti Ouidah, ní Benin òde òní, wá sí ìlú Mobile ní Alabama ní 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Ọmọ bí ọdún méjì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà síbòmíràn, wọn ò fojú kàn wọ́n mọ́. Ìyá gbìyànjú láti kó èyí tó kù sá lọ, wọ́n mú wọn padà. Matilda ni wọ́n ń pe ọmọ náà, orúkọ olówó rẹ̀ ni Creagh. Nígbà tó dàgbà ó yí i padà sí McCrear. Ilà ojú wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì, ó sì ń ṣe irun bíi ti Yorùbá títí ó fi darúgbó. (Màmá ti fẹ́ mọ̀ látìgbà náà bóyá ṣùkú ni àbí kòlẹ́sẹ̀. Fọ́tò tó wà kò sọ fún wa.) Ó bí ọmọ mẹ́rìnlá. Ní 1931, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà eléruku wá sí kóòtù káńtì náà ní Selma, ó ní wọ́n jí òun gbé, kí wọ́n wá san ohun tó tọ́ sí òun. Adájọ́ ò gbọ́ tirẹ̀. Ó kú ní January 1940.

Rénjà ní òun mọ Matilda McCrear. Inú rẹ̀ dùn tí wọ́n béèrè. Ó fi kún un pé obìnrin míì láti inú Clotilda, Redoshi, tí wọ́n ń pè ní Sally Smith, gbé káńtì yìí kan náà títí ó fi kú ní 1937, àti pé Amelia Boynton bá a pàdé. Amelia Boynton kan náà tó dákú sójú títì. Mi ò mọ ìyẹn. Ó wá ní Matilda ní orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà kan, ó sì pè é. Ó pè é bí ẹni tó fẹ́ yan búrẹ́dì.

"Rárá," Màmá sọ. Mo mọ ohùn yẹn, ohùn iwájú pátákó ìkọ̀wé ni. "Àbákẹ́. Dò, mí, mí."

Ó tún gbìyànjú. Wọ́n ní ó ti gbé àkọ́kọ́ sókè jù. Wọ́n fi ọwọ́ ṣe é lójú afẹ́fẹ́: ọwọ́ wálẹ̀, ọwọ́ lọ sókè, ó sì dúró lókè. Dò, mí, mí. Ó mú un lẹ́ẹ̀kẹta. Màmá yíjú sí àwọn tó kù, wọ́n na ọwọ́ síta bí ìgbà tí wọ́n ń dá orin ní àpéjọ àárọ̀, gbogbo ogunlọ́gọ̀ náà, tó fi mọ́ ọkùnrin tó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí, sì pè é pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́sẹ̀ afárá: Àbákẹ́, Àbákẹ́.

Rénjà mú ìwé kékeré jáde lápò, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Ó béèrè kí ni àmì abẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn ń ṣe. Màmá ní, "Tó o bá yọ ọ́, ó ti di ẹlòmíràn." Ó tún béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ronú. Wọ́n ní oríkì ni, orúkọ tí èèyàn fi ń pọ́n ọmọ obìnrin, pé ọmọ tí a báni kẹ́ ni, tí kì í ṣe ìyá nìkan ló ń kẹ́ ẹ. Wọ́n nawọ́ sí mi: "Èyí, Àdùkẹ́ ni tirẹ̀." Ojú tì mí, bíi pé ọmọ ọdún méje ni mo tún dà.

Ọ̀sán la gba Highway 80, ojú ọ̀nà tí King àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi ọjọ́ márùn-ún rìn láti March 21 sí 25, máìlì mẹ́rìnléláàádọ́ta dé Montgomery. Àwa ò lò tó wákàtí kan, a sì tún yà. Káńtì Lowndes wà láàárín, ilé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀ sì wà níbi tí àwọn èèyàn pàgọ́ sí ní December 1965. Àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, onílẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ń sùn nínú àgọ́ tòun tọmọ tòun tọmọ, àwọn mìíràn fún ọdún méjì. Rénjà ibẹ̀, obìnrin ni, ní nígbà tí 1965 bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹyọ aláwọ̀ dúdú kan nínú ìwé ìdìbò ní Lowndes, tó sì jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun tó wà nínú ìwé ní tiwọn ju iye tó wà láàyè lọ.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti Birmingham. "Òkú ń dìbò! Magomago ò mọ èdè."

Ọjọ́ kẹrin, Àìkú. Montgomery, ká tó padà

A jọ́sìn láàárọ̀ ní Dexter Avenue, ṣọ́ọ̀ṣì tí King ti ṣe pásítọ̀ láti 1954 sí 1960. Ó kéré ju bí mo ṣe rò ó lọ, ilé ìjọba ìpínlẹ̀ sì súnmọ́ ọn débi pé wọ́n lè gbọ́ orin ara wọn. Àtẹ̀gùn ilé ìjọba yẹn ni Jefferson Davis ti búra ní 1861 láti ṣe olórí àwọn ìpínlẹ̀ tó fẹ́ kí oko ẹrú máa lọ.

Ti bọ́ọ̀sì Montgomery, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti gbọ́dọ̀ dìde kí aláwọ̀ funfun lè jókòó, gbogbo yín lẹ mọ Rosa Parks tó kọ̀ láti dìde. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Claudette Colvin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó kọ̀ láti dìde lórí ìjókòó ní March 2, 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Parks. Òun náà wà nínú àwọn obìnrin tó pe ẹjọ́ tó fòpin sí i. Ọjọ́ 381 làwọn aláwọ̀ dúdú fi kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀sán la lọ sí ibi ìrántí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pa láìsí ìdájọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 2018 lórí òkè kékeré kan. Òpó irin tó lé ní ẹgbẹ̀rin ló so rọ̀ níbẹ̀, káńtì kan òpó kan, orúkọ àwọn tí wọ́n yẹgi fún tàbí dáná sun wà lára wọn. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ wọlé, òpó náà wà ní ìdúró rẹ, o lè fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ wá ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń rìn, òpó ò kúrò níbi tó wà, títí tó fi dòkè orí rẹ. Màmá ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan síta. Níbi tí wọ́n bá kọ pé wọn ò mọ orúkọ ẹni náà, wọ́n á dúró fún àkókò tó tó orúkọ kan kí wọ́n tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa dúró dè wọ́n. Èmi ò lè bá wọn kà á. Mo jáde, mo lọ jókòó síta, mo bọ bàtà.

Aago mẹ́ta a ti wà lójú ọ̀nà, torí pé mo níṣẹ́ lọ́la. Màmá pe àbúrò wọn n'Ìbàdàn, ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀, wọ́n fi ohùn fóònù síta kí èmi náà lè kí Àǹtí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ King ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ, tàbí afárá, tàbí ajá irin.

Wọ́n ní, "Obìnrin kan wà níbí tó ń jẹ́ Àbákẹ́. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá adájọ́, ó ní kí wọ́n san owó òun."

"Háà," Àǹtí sọ. "Àbákẹ́? Ọmọ ta ni?"

Màmá wò mí. Mo ń wo ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo ní ọmọ ta ni, ará ibo ni?"